Ọ̀rá Ẹlẹ́dẹ̀ Ní Ilé Ìdáná: Ìlò Rẹ̀, Àti Ohun Tí Kò Yẹ Kí A Fi Pamọ́ Nípa Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni a gbé wá fún yín lónìí, ṣùgbọ́n ó ju ilé ìdáná lọ. Ẹni tí ó bá bá wa dé òpin rẹ̀ yóò mọ ìdí tí a fi wí bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé, ẹlẹ́dẹ̀ pa àfọ̀ tán, ó ń wá ẹni rere tí yóò fi ara yí. Nítorí òwe yìí àti irú rẹ̀, orúkọ ẹlẹ́dẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára ní ẹnu wa. Síbẹ̀, ní ilé àwọn tí ń jẹ ẹ́, nígbà tí ọdún bá dé tí a sì pa ọ̀kan, gbogbo ara rẹ̀ ni a ń pín, láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀rá rẹ̀ nìkan ni a sábà máa ń gé jù sí ajá. Ní ọjọ́ kejì, ìyá ilé kan náà yóò mú owó lọ sí ọjà, yóò sì ra ọ̀rá inú agolo wá láti fi ṣe míìtì-páì fún àwọn àlejò. A ti fi ojú wa rí èyí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ohun tí a dà nù ní ẹ̀yìnkùlé ni a tún fi owó rà ní ọjà, a kò sì bìkítà láti mọ ohun tí ó wà nínú agolo náà.

BÍ A TI Í YỌ́ Ọ

Kì í ṣe ọ̀rá kan ṣoṣo ni ó wà lára ẹlẹ́dẹ̀. Èkíní ni èyí tí ó yí kíndìnrín ká nínú ikùn. Òun ni ó funfun jù, òun ni kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn ẹran, òun sì ni àwọn tí ń ṣe páì fẹ́ràn jù. Èkejì ni ọ̀rá ẹ̀yìn, tí ó nípọn lábẹ́ awọ. Òun ni ó pọ̀ jù, ó sì dára fún dídín nǹkan. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó dàbí àwọ̀n, tí ó bo ìfun. Àwọn alásè ní England àti ní Faransé a máa fi í di ẹran lílọ̀ kí wọ́n tó yan án, kí ẹran náà má bàa gbẹ.

Bí a ó ti yọ́ ọ̀rá náà nìyí. Kí a kọ́kọ́ yọ gbogbo ẹran àti ẹ̀jẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, nítorí àwọn ni í mú kí ó tètè bàjẹ́. Kí a gé e wẹ́wẹ́, kí ègé kọ̀ọ̀kan má tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Bí ó bá ti tutù dáradára kí a tó gé e, iṣẹ́ náà yóò rọrùn. Kí a dà á sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, kí a sì bu omi díẹ̀ sí i, bí ìdajì ife fún ọ̀rá kílò kan. Iṣẹ́ omi yìí ni pé kò ní jẹ́ kí ègé ìsàlẹ̀ jóná kí ọ̀rá tó bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Nígbà tí ọ̀rá bá ti jáde tó, omi náà yóò ti gbẹ.

Iná gbọdọ̀ kéré. Ẹni tí ó bá kánjú tí ó fi iná ńlá sí i, ọ̀rá pupa tí ń rùn bí ẹran sísun ni yóò rí, kò sì ní wúlò fún páì mọ́. Kí a fún un ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, kí a máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí a má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ègé náà yóò máa léfòó. Nígbà tí wọ́n bá ti sunkì tí wọ́n sì rì sí ìsàlẹ̀, ó ti tó. Kí a sọ ọ́ kalẹ̀, kí ó rọlẹ̀ díẹ̀, kí a sì fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ sínú ìgò tàbí agolo gbígbẹ tí ó ní ìdérí. Nígbà tí ó gbóná, yóò mọ́ gaara bí òróró; nígbà tí ó bá tutù, yóò funfun bí ẹ̀kọ. Àwọn ègé gbígbẹ tí ó kù nínú asẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí: kí a wọ́n iyọ̀ sí wọn lórí, kí a fi jẹ ẹ̀kọ, tàbí kí a dà wọ́n sórí ẹ̀wà.

Ọ̀tá mẹ́ta ni ọ̀rá yìí ní: omi, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ní ilẹ̀ wa tí ooru pọ̀, kì í le bí ó ti í le ní ilẹ̀ òtútù. Nítorí náà inú fìríìjì ni kí a gbé e sí, kí a dé e pinpin, kí a má sì fi ṣíbí tútù bù ú. Bí òórùn rẹ̀ bá ti yí padà, kí a dà á nù.

OHUN TÍ Ó WÚLÒ FÚN

Ní ti dídín nǹkan, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ń gba iná dáadáa. Kì í tètè rú èéfín títí yóò fi gbóná tó bí ìwọ̀n 190 ti Celsius, nítorí náà a lè fi dín ọ̀dùnkún tàbí ẹran láìsí ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ta ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ni inú ìyẹ̀fun.

Bí a bá po ìyẹ̀fun àlìkámà pọ̀ mọ́ omi nìkan, tí a sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò máa fà bí gọ́ọ̀mù. Fífà yìí dára fún búrẹ́dì, ṣùgbọ́n líle ni ó ń sọ èèpo páì dà. Ọ̀rá ni í yí ìyẹ̀fun ká tí kì í jẹ́ kí omi ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ púpọ̀, nítorí náà èèpo náà kò ní fà. Yóò máa fọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́nu. Bọ́tà ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí ìdá kan nínú márùn-ún bọ́tà ni kì í ṣe ọ̀rá, omi ni ó sì pọ̀ jù nínú ìdá náà. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí a yọ́ dáradára kò ní omi. Nítorí náà, níbi tí a bá ti máa ń fi bọ́tà 100 gíráàmù sí i, 80 gíráàmù ọ̀rá yìí tó. Ọ̀pọ̀ ìyá ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa lo ìdajì bọ́tà àti ìdajì ọ̀rá: bọ́tà fún adùn, ọ̀rá fún fífọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Fún ìyẹ̀fun 400 gíráàmù, kí àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ 200 gíráàmù, pẹ̀lú iyọ̀ àti omi tútù díẹ̀. Kí ọ̀rá náà tutù, kí ọwọ́ má sì pẹ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ó yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Ní ìlú Melton Mowbray, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi gbígbóná tí a yọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sí ni wọ́n ń dà sórí ìyẹ̀fun. Èyí ń sọ ìyẹ̀fun náà di ohun tí a lè fi ọwọ́ mọ bí amọ̀, tí ó sì lè dá dúró bí ìkòkò kékeré. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tútù ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Wọ́n ń yan án láìsí páànù tí ó dì í mú, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa yọ síta díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń da omi eegun tí ó máa ń dì gba ihò orí rẹ̀ wọlé. Láti ọdún 2009 ni òfin ti dáàbò bo orúkọ páì yìí, tí ẹni tí kò bá ṣe é ní agbègbè náà àti ní ọ̀nà náà kò fi gbọdọ̀ pe tirẹ̀ ní orúkọ yẹn. Ní Wiltshire, wọ́n ń tẹ́ ọ̀rá yìí, ṣúgà àti èso gbígbẹ sórí ìyẹ̀fun búrẹ́dì, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ po léraléra kí wọ́n tó yan án.

Bí a bá ré òkun kọjá, a ó rí i pé àwọn ará Sípéènì àti Pọtugí ni wọ́n kó ẹlẹ́dẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Columbus kó wọn lọ nínú ìrìn àjò rẹ̀ kejì, ní ọdún 1493. Ní Mẹ́síkò, wọ́n ń fi ọ̀rá yìí lu ìyẹ̀fun àgbàdo títí yóò fi fúyẹ́. Bí wọ́n bá ju díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú omi tí ó sì léfòó, wọ́n mọ̀ pé ó ti tó. Nígbà náà ni wọ́n ń pọ́n ọn sínú háhá àgbàdo tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí a ti ń pọ́n ọ̀ọ̀lẹ̀, tí wọ́n sì ń sè é. Ní Minas Gerais, ní Brasil, kí fìríìjì tó dé, wọ́n a máa se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọ̀rá ara rẹ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi tán, wọ́n a kó o sínú agolo ńlá, wọ́n a sì da ọ̀rá náà bò ó. Nítorí pé afẹ́fẹ́ kò ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹran náà a máa wà fún oṣù púpọ̀ láìbàjẹ́. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia, ní ilẹ̀ Brasil kan náà, epo pupa ni wọ́n dì mú ní tiwọn, òun sì ni a fi ń dín àkàrà níbẹ̀ di òní olónìí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá tí ènìyàn fi ń dáná a máa sọ ibi tí ó ti wá.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ WA

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá. Ẹ̀yin náà ti rí i pé iṣẹ́ ọ̀rá yìí nínú ìyẹ̀fun, iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ni. Ẹni tí ó jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mọ̀ pé òun jẹ ẹ́. Ẹni tí ó jẹ páì tí a fi ọ̀rá rẹ̀ ṣe, kò rí i, kò gbọ́ òórùn rẹ̀, kìkì pé páì náà dùn ni ó mọ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a kó ọmọ jáde ní ilé wa. Ìyàwó wa fi ọ̀rá tí a yọ́ ní ilé ṣe míìtì-páì, ẹran màlúù ni ó sì fi sí inú rẹ̀. Ìyá àgbà kan wà ní ilé kejì sí tiwa, Àlàájà ni, ẹni tí ó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa pọ̀n. A gbé àwo fún un bí a ti gbé e fún gbogbo ènìyàn. Ó béèrè irú ẹran tí ó wà nínú rẹ̀, a sì dáhùn pé ẹran màlúù ni. Òtítọ́ sì ni. Ó jẹ ọ̀kan, ó jẹ èkejì, ó sì yìn ín. Nígbà náà ni ó wí pé, “Bàbá Bọ́lá, kí ni ẹ fi sí i tí ó fi ń fọ́ báyìí? Mo fẹ́ kí ọmọ mi kọ́ ọ.”

Ìyàwó wa wo ojú wa. Àwa tí à ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní òfin mẹ́wàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a rẹ́rìn-ín, a sì wí pé, “Bọ́tà dáradára ni, Ìyá.” Ohun tí a rò nínú ọkàn wa ni pé ohun tí ó ti kọjá ọ̀fun kò ṣeé dá padà mọ́, àti pé kí a má ba ọjọ́ ayọ̀ jẹ́.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọ kékeré tí ó bá wa gé ọ̀rá náà fi ròyìn iṣẹ́ rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ ìyá yìí níbi tí wọ́n gbé ń ṣeré. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá náà kan ilẹ̀kùn wa. Kò pariwo. A ti dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó wí pé, “Bàbá Bọ́lá, ẹ dìde. Èmi tí mo jẹ ẹ́ láìmọ̀, Ọlọ́run kò ní bi mí léèrè. Ẹran inú ilé yín kọ́ ni ó dùn mí, ẹnu yín ni.” Ó yí padà, ó sì lọ.

Kò bá wa jà, kò sì dẹ́kun kíkí wa. Ṣùgbọ́n fún ọdún kan gbáko, kò fi ẹnu kan ohunkóhun ní ilé wa ju omi lọ. Nígbàkúùgbà tí a bá ní àlejò, tí ó sì jókòó láàárín wa pẹ̀lú ife omi rẹ̀, a máa ń wo ife náà bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀sùn ara rẹ̀.

ÀWỌN TÍ WỌ́N FI PAMỌ́ ṢÁÁJÚ WA

Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí, a sì rí i pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni a ti fi ohun kan pamọ́ sábẹ́ orúkọ òmíràn. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1880 sí 1890, àwọn oníṣòwò kan a máa da epo kóró òwú àti ọ̀rá màlúù pọ̀ mọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n a sì tà á bí ẹni pé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ gan-an ni. Ní ọdún 1889, Harvey Wiley, olórí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ibẹ̀, tẹ ìwé jáde lórí àdàlù yìí. Ní ọdún 1906 ni òfin jáde pé oúnjẹ tí a bá tà kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ọdún 1902, Wilhelm Normann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a lè fi gáàsì háídírójìn sọ òróró ṣíṣàn di ọ̀rá tí ó dì. Ní ọdún 1911, ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble ní ìlú Cincinnati, tí ó ti ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀nà yìí ta ọ̀rá funfun tí a fi epo kóró òwú ṣe; Crisco ni wọ́n pè é. Ó funfun, kò ní òórùn, ó ń pẹ́. Àwọn Júù, tí òfin wọn kọ ẹlẹ́dẹ̀, lè lò ó. Bí ọ̀rá inú agolo ti bẹ̀rẹ̀ sí lé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kúrò ní ilé ìdáná nìyẹn, tí àwọn ènìyàn sì rò pé ohun tí ó mọ́ jù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà yí òróró náà padà dá irú ọ̀rá kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní trans. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Netherlands tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé ọ̀rá yìí ń mú kí kolẹ́sítẹ́róòlù búburú pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dín èyí tí ó dára kù. Àwọn ìwádìí mìíràn sì fi hàn pé ó ń fa àrùn ọkàn. Ní ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí a mú irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ kúrò nínú oúnjẹ. Ní ilẹ̀ wa, òfin tí NAFDAC ṣe ní ọdún 2022 wí pé kò gbọdọ̀ ju 2 gíráàmù lọ nínú 100 gíráàmù ọ̀rá tàbí òróró inú oúnjẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ra agolo, kí ó ka ara rẹ̀. Kódà ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ dì, a máa ń fi háídírójìn sí òmíràn kí ó lè le.

ṢÉ Ó DÁRA FÚN ARA?

A kò wí pé oògùn ni ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, bí 39 gíráàmù ni irú ọ̀rá líle tí àwọn dókítà ń kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Nínú bọ́tà, ó tó bí 51. Nínú epo pupa, bí 49. Òróró ẹ̀pà àti òróró sóyà kéré sí i púpọ̀. Ṣíbí ọbẹ̀ kan ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ní bí 5 gíráàmù irú ọ̀rá líle yìí, èyí sì fẹ́rẹ̀ tó ìdámẹ́rin ohun tí ó yẹ kí àgbàlagbà jẹ nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ìdáhùn wa ni pé: ohun ọjọ́ ọdún àti ohun páì ni, kì í ṣe ohun tí a ó máa dà sínú ọbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí dókítà bá ti kìlọ̀ ọ̀rá fún, kí ó gbọ́ ti dókítà rẹ̀.

ÒFIN ILÉ WA NÍSINSÌNYÍ

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a ń ṣe ní ilé wa láti ọjọ́ náà wá, bóyá yóò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èkíní, a kọ orúkọ sí ara agolo ọ̀rá náà gàdàgbà, kí ẹni tí kò sí nígbà tí a yọ́ ọ má bàa ṣì í lò. Èkejì, ó ní páànù tirẹ̀, ó ní pátákó ìyẹ̀fun tirẹ̀, a kì í sì í fi ọwọ́ tí ó po ó po ti ẹlòmíràn láìfọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta, bí a bá ń retí àlejò tí kì í jẹ ẹ́, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe àwọn ará ìjọ Ọjọ́ Keje, ìbáà ṣe ẹni tí ó jẹ́ èèwọ̀ ìdílé rẹ̀, bọ́tà tàbí òróró ni a fi ń ṣe gbogbo páì ọjọ́ náà. Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó ju gbogbo wọn lọ, a kì í dúró kí wọ́n bi wá. Bí a ti ń gbé àwo kalẹ̀ ni a ń sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí a fi ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́, yóò jẹ; ẹni tí kò bá fẹ́, yóò kọ̀; kò sí ìjà.

Lẹ́yìn ọdún kan náà, ọmọ-ọmọ Àlàájà wá kan ilẹ̀kùn wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún kan. Ó gbé àwo funfun kan dání, ó sì wí pé, “Màmá wa àgbà ní kí ẹ fi páì méjì ránṣẹ́ sí àwọn, kí Bàbá Bọ́lá fúnra wọn wá sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é.” A wọ agbádá wa, a gbé àwo náà lọ. A kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà, a sì wí pé, “Ìyá, bọ́tà ni.” Ó wo ojú wa pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ni ó bu ọ̀kan jẹ.

Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ má da ọ̀rá yín nù fún ajá mọ́ bí ẹ bá ń jẹ ẹ́; ẹ yọ́ ọ, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ lò ó níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń jẹ ní ọwọ́ yín mọ ohun tí òun ń jẹ, nítorí òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́.